TIG àti àbójútó arúfin láàárín ìlú: kí ló ń dí àwọn adájọ́ lọ́wọ́?

Ọmọ Àkàbà (Kétu):
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ TIG ni mo gbé wá, ìyẹn iṣẹ́ ìlú tí ilé ẹjọ́ lè fún ẹni tó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kékeré dípò kó lọ ṣẹ̀wọ̀n. Láti oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin lórí ẹ̀, òfin 2016-12. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Kétu ti múra tán láti gba irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀: ẹrẹ̀ wà nínú gọ́tà tí wọ́n máa kó, igi wà láti gbìn, ògiri ilé ẹ̀kọ́ wà tó ń fẹ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí a bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́jọ́, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì dákẹ́.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ló wà lọ́kàn adájọ́, procureur (agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe arúfin lẹ́jọ́) àti ọlọ́pàá gan-an nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ká máa bójú tó arúfin láàárín ìlú? Kí sì ni ká gbé síwájú wọn tí wọ́n á fi lè gbà á lò? Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tó ṣeé fọwọ́ mú ni mò ń wá.

Abẹ́ Òfin (Àjàṣẹ́):
Ẹ kú àròjinlẹ̀, Ọmọ Àkàbà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀, torí mẹ́rin ni ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "wọ́n ní kó máa lọ ilé". *Contrôle judiciaire* wà ṣáájú ìdájọ́: wọn ò tíì dá ẹjọ́ ẹni náà, ó kàn gbọ́dọ̀ máa yọjú sí kọ̀mísáríà, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kó má kúrò ní àgbègbè kan, kó má sún mọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn. TIG jẹ́ ìdájọ́ fúnra ẹ̀. *Libération conditionnelle* jẹ́ ti ẹni tó ti ṣe apá kan nínú ẹ̀wọ̀n ẹ̀. Ìkẹrin ni àbójútó ọmọdé tó rúfin, èyí tó jẹ́ ti adájọ́ àwọn ọmọdé. Tí ẹ bá wọlé lọ bá procureur tí ẹ ò mọ èyí tí ẹ̀ ń sọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti mọ̀ pé ẹ ò tíì múra nìyẹn.

Ohun tó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe ìkà. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìkà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù kálukú sì yàtọ̀.

Procureur ń bẹ̀rù ẹ̀bi. Bó bá ti ẹnì kan tó jí ewúrẹ́ mọ́lé fún oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Bó bá jẹ́ kó máa lọ ilé, tí onítọ̀hún tún wá jí ewúrẹ́ míì kọ́sẹ̀ tó parí, orúkọ procureur ló máa wà lẹ́nu gbogbo ọjà. Ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ojú ò rí i. Ẹni tó wà níta tó tún dá ọ̀ràn, gbogbo ayé ló rí i. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọgbọ́n procureur ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan látìbẹ̀rẹ̀.

Adájọ́ ń bẹ̀rù pé ìdájọ́ òun á di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó kọ wákàtí 120, ìwé kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́, ó dé orí tábìlì kan ní mérì (ilé ìjọba ìlú), ó sì jókòó síbẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá, kò sẹ́ni tó sọ fún adájọ́ bóyá ẹni náà wá tàbí kò wá. Irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, adájọ́ á padà sí ohun tó dá a lójú: ẹ̀wọ̀n ní ìlẹ̀kùn, ó ní ìwé ìgbàwọlé, ó ní ọjọ́ ìjáde. Mo rò pé ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so kọ́. Àìsí ìròyìn ló ń pa TIG ju àìgbàgbọ́ lọ.

Ọlọ́pàá ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń rò. Ó fi òru wá ẹnì kan, ó mú un, lọ́jọ́ kẹta ó rí i lórí zem (ọ̀kadà akérò) lójú títì. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un pé ìjìyà ṣì ń lọ. Nítorí náà, ẹ̀dà ìwé TIG gbọ́dọ̀ dé kọ̀mísáríà àgbègbè, kí ọ̀gá ibẹ̀ mọ ọjọ́, aago àti ibi iṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ń yí ọkàn padà ju ìpàdé mẹ́ta lọ.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ni ẹ kò dárúkọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ló lè tètè gbè yín lẹ́yìn. Ẹni tó mọ bí èrò ṣe kún inú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa, tó ń ka orí ní alaalẹ́, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún un pé olè ewúrẹ́ kò yẹ kó sùn ti ajínigbé.

Mérì ńkọ́? Ìbéèrè méjì péré ló ní: ta ló máa ra ṣọ́bìrì, ta ló sì máa sanwó ilé ìwòsàn tí ọkọ́ bá gé ẹni náà lẹ́sẹ̀? Ẹ rí ìdáhùn sí méjèèjì lórí ìwé kí ẹ tó débẹ̀.

Àbíkẹ́ Sábẹ̀ẹ́:
Abẹ́ Òfin ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ní Sábẹ̀ẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń mú procureur kọ̀ ni àdírẹ́sì. "Ilé tó wà lẹ́yìn ọjà" kì í ṣe àdírẹ́sì lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ní orúkọ mẹ́ta: ti ìwé ìbí, ti ilé, ti àdúgbò. Bí wọ́n bá lọ béèrè orúkọ inú ìwé ní àdúgbò, wọ́n á ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, wọn kì í sì í ṣe òpùrọ́. Nítorí náà ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó dé iwájú adájọ́. Kí orúkọ ìwé ìbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é ní àdúgbò. Kí nọ́ńbà CIP, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ tó gbà lọ́dọ̀ ANIP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ èèyàn, wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù méjì, kí ọ̀kan má jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ baálé ilé. Orúkọ olórí àdúgbò tó fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́ TIG tó, ní kìlómítà, àti iye tí zem ń gbà ní àlọ àti àbọ̀.

Ẹ má fojú tín-ínrín owó zem yẹn. Ẹni tó ń gbé abúlé tó jìnnà sí ìlú, tí kò ní ọ̀kadà, tí ẹ ní kó wá ní aago méje àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, yóò wá lọ́sẹ̀ kìíní, yóò wá lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹta owó á tán. Ilé ẹjọ́ á kọ ọ́ pé ó ṣorí kunkun. Kò ṣorí kunkun, ibi iṣẹ́ ló jìnnà. Ẹ wá iṣẹ́ fún un ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ abúlé rẹ̀.

Àkókò pẹ̀lú. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń ṣa kajú lọ́dọ̀ wa, owó ọdún ẹlòmíì wà nínú ìgbà kúkúrú yẹn. Bí adájọ́ bá kọ wákàtí 120, tí ẹ sì ní kó ṣe wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, ọjọ́ 15 gbáko ló máa fi sí i, kajú rẹ̀ á jẹrà nílẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí wákàtí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló máa gbà, oko ò sì ní bàjẹ́. Ẹ tún wo ọjọ́ ọjà. Ọjà ọlọ́rún-ọrún ń yí kiri inú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje: bó bá bọ́ sí Ọjọ́rú lọ́sẹ̀ yìí, kò ní bọ́ sí Ọjọ́rú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá kàn kọ "gbogbo Ọjọ́rú", lọ́jọ́ tí ọjà bá bọ́ sí i ẹ ò ní rí i. Ẹ kọ déètì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì yọ ọjọ́ ọjà kúrò.

Ọmọ Àkàbà (Kétu):
Ẹ ṣeun gan-an, màmá, ẹ ṣeun, Abẹ́ Òfin. Ìbéèrè kan tún dé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ká fi olóyè ṣe alábòójútó, torí kò sẹ́ni tó máa gbójú sí olóyè. Ṣé ó bójú mu?

Abẹ́ Òfin (Àjàṣẹ́):
Ẹ lọ sọ ọ́ láàfin, ẹ kí Kábíyèsí, ẹ gba ìyọ̀ǹda. Ìyẹn tọ́, ó sì ṣe pàtàkì, torí ìlú á mọ̀ pé kì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé wákàtí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí arúfin, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí oko ẹnikẹ́ni. Oko olóyè jẹ́ oko ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi le. Ìwé àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ túlàásì, èyí tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde lọ́dún 1930, fàyè gba iṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ fi dá ẹnì kan lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú ìjọba nìkan, a ò sì gbọdọ̀ yá ẹni náà fún aládàáni, ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ aládàáni. Ìyẹn kan ẹgbẹ́ yín náà. Ẹ jẹ́ kí mérì tàbí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba jẹ́ ẹni tó gba arúfin níwájú òfin, kí ẹ̀yin wá jẹ́ ọwọ́ tó ń ràn án lọ́wọ́. Lábẹ́ òfin Faransé, níbi tí orúkọ TIG ti jáde lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ kì í fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́: wọ́n gbọ́dọ̀ bi í. Lójú àwọn àgbà wa kò ṣòro láti mọ ìdí. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin Faransé tó fòpin sí iṣẹ́ túlàásì ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso jáde. Ìdílé tí bàbá àgbà wọn fi ọrùn ru òkúta ọ̀nà ìjọba kò tíì gbàgbé. Bí wọ́n bá rí ọ̀dọ́kùnrin tí ọlọ́pàá dúró tì, tó ń ro oko olóyè, orúkọ tí wọ́n máa pè é kì í ṣe TIG.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ má ṣe wọ̀ wọ́n ní aṣọ àràmàǹdà, kí ẹ má fi wọ́n ṣe ìran níwájú Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, lọ́jọ́ tí àlejò pọ̀. Òfin Tokyo tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lóṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ gbangba pé iyì ẹni tó wà lábẹ́ irú àbójútó yìí kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ẹni tí ẹ bá dójú tì ní gbangba kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Agbátẹrù (Àjàṣẹ́):
Ẹ̀gbọ́n Abẹ́ Òfin, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ibì kan. Ẹ ní àìsí ìròyìn ló ń pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwà alábòójútó fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn adájọ́ sì mọ̀ ọ́n.

Oríṣi alábòójútó méjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ oníjàgídíjàgan: ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan fi pẹ́ dé, ó ti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìkejì jẹ́ aláàánú: ó mọ ìyá ẹni náà, ó fọwọ́ sí wákàtí mẹ́fà fún ẹni tó ṣe méjì. Ìkejì yìí léwu jù, torí ọjọ́ tí àṣírí bá tú, gbogbo ìwé tó ti fọwọ́ sí rí di asán lójú adájọ́. Ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, Paparozzi àti Gendreau wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005: àwọn tó di òfin mú, tí wọ́n sì tún ń ran ẹni náà lọ́wọ́, ni èsì tiwọn dára ju ti ẹni tó ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ìṣọ́ tó le nìkan kò sì tó. Petersilia àti Turner yẹ ibi 14 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà kan náà, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1993: bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn èèyàn sí i ni wọ́n ń rí i pé wọ́n rú òfin ìṣọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tuntun kò tìtorí ẹ̀ dín kù. Ẹ má lọ sọ fún adájọ́ pé ẹ máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe.

Èyí ni ìlànà tó ṣeé dì mú. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ láìsọ, ẹ pè é lọ́jọ́ yẹn kan náà, kì í ṣe lọ́la. Bí kò bá gbé e, ẹ pe nọ́ńbà kejì, ẹ sì kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀. Láàárín wákàtí 48, kí ẹnì kan dé ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsàn, kó mú ìwé ilé ìwòsàn wá, ọjọ́ yẹn á sún síwájú. Ẹ̀ẹ̀kejì láìsí ìdí, ẹ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, kó tẹ̀ka sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ ní ìlà márùn-ún: ọjọ́ tó wá, ọjọ́ tí kò wá, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó sọ, wákàtí tó kù. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ nínú lẹ́tà náà. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn.

Ìròyìn rere náà ní láti dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Kí ìwé kan lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé ó ti bẹ̀rẹ̀, òmíràn nígbà tó bá ṣe ìdajì, ìkẹta nígbà tó bá parí. Adájọ́ tí ìṣòro nìkan ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á rò pé ìṣòro nìkan ló wà. Ní Zimbabwe, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi àwọn adájọ́ fúnra wọn sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà. Ìlú Kadoma níbẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1997. Ohun tó ṣeé kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ kì í pe iṣẹ́ náà ní ti ẹlòmíì mọ́. Ẹ pe adájọ́ kan, procureur kan, ọ̀gá kọ̀mísáríà, ẹni kan láti ọ̀dọ̀ mérì. Kí ẹ jọ yẹ ibi iṣẹ́ wò lójú ara yín, kí wọ́n rí ṣọ́bìrì, kí wọ́n rí ìwé wákàtí tí wọ́n ti kọ nǹkan sí.

Àbíkẹ́ Sábẹ̀ẹ́:
Agbátẹrù, ẹ ṣeun. Ẹ ò dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni adájọ́ ń wò tó bá ń kọ ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń wá. Bí ẹ bá dé iwájú ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti san owó ewúrẹ́ náà tàbí pé ó kù ìdajì, tí onítọ̀hún fọwọ́ sí i, ìlẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀ nìyẹn. Owó tí wọ́n fún un ní kọ̀rọ̀, tí kò ní ìwé, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin tó lu ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ṣì jọ wà nínú agbo ilé kan náà, kí ni ẹ fẹ́ sọ fún obìnrin náà tí wọ́n bá ní kó máa lọ ilé? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ níbi tí ọkùnrin náà kò sí. Ẹ̀bẹ̀ kan tí kò tọ́ lè ba mẹ́wàá tó tọ́ jẹ́ lójú procureur.

Ọmọ Àkàbà (Kétu):
Ẹ ṣé, ẹ ṣé. A ti ń ya ìwé wákàtí náà báyìí: déètì, aago ìdé, aago ìlọ, iṣẹ́ tó ṣe, ọwọ́ alábòójútó, ìka arúfin. Ẹ̀dà mẹ́ta: ti ilé ẹjọ́, ti mérì, tirẹ̀. Ṣé ó kù?

Abẹ́ Òfin (Àjàṣẹ́):
Ẹ fi orúkọ igbá-kejì alábòójútó kún un, torí alábòójútó náà lè ṣàìsàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ó ku èdè. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìdájọ́ ní ilé ẹjọ́ Pobè. Arúfin á gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan nínú ariwo ilé ẹjọ́, yóò tẹ̀ka síwèé, yóò dé ilé láì mọ̀ bóyá Ọjọ́bọ̀ ni tàbí Ọjọ́rú. Ẹ ka èyí sí i létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní ibi iṣẹ́, kí òun náà sọ ọ́ padà lẹ́nu ara rẹ̀, kí ẹni tó kà á fún un kọ orúkọ sísàlẹ̀:

"Èmi ......, tí wọ́n ń pè ní ...... ní àdúgbò, ilé ẹjọ́ ní kí n ṣiṣẹ́ ìlú fún wákàtí ....... Wọ́n bi mí, mo sì gbà. Ọjọ́ tí màá wá nìwọ̀nyí: ....... Aago ...... ni màá dé, aago ...... ni màá lọ. Bí ara mi kò bá yá, nọ́ńbà tí màá pè kí ilẹ̀ tó mọ́ nìyí: ....... Bí mi ò bá wá tí mi ò sì sọ, wọ́n á pè mí, wọ́n á wá sí ilé mi, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ̀wé sí adájọ́, adájọ́ sì lè ní kí n lọ ṣẹ̀wọ̀n. Mi ò ní ṣiṣẹ́ nínú oko tàbí ilé ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè owó lọ́wọ́ mi kó tó fọwọ́ sí ìwé mi, ẹni tí màá lọ sọ fún nìyí: ......"